Ìlú Tí Ó Tú Ọlọ́pàá Rẹ̀ Ká

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá kan nílé pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni mo dúró sí ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2009, tí mo ń ka 15,000 náírà lé ọlọ́pàá kan lọ́wọ́ kí wọ́n lè dá àbúrò mi ọkùnrin sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó gun ọ̀kadà kọjá níbi tí wọ́n dúró sí lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, tí kò sì ní ohun tí yóò fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti gba bàtà àti bẹ́líìtì rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, ó gbá orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ra bí ọmọ kékeré. Nígbà tí a jáde, a rìn dé ìdí igi máńgòrò tó wà ní ìta kí ó tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè tó sì bi mí kò tíì kúrò lọ́kàn mi di òní: "Àǹtí mi, ta ni àwọn èèyàn yìí ń ṣọ́ gan-an?"

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo kó lọ sí Camden, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, tí odò Delaware là láàárín òun àti Philadelphia. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀ ló gbà mí sílé. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn: kí n wẹ̀ fún wọn, kí n fún wọn lóògùn lásìkò, kí n jókòó tì wọ́n títí ọmọ wọn yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n mọ Camden, nítorí pé ẹni tó bá ń wọ ilé onílé lójoojúmọ́ kì í pẹ́ mọ ohun tó ń ba àwọn ará ìlú lẹ́rù. Mo bá ìbéèrè àbúrò mi níbẹ̀, wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè náà kí n tó dé.

Camden ti rí ayé rí. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Campbell, tó ń ṣe ọbẹ̀ inú agolo, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1869. Ibẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ Victor ti ń ṣe gíràmófóònù àti àwo orin. Àwòrán ajá tó tẹ́tí sí gíràmófóònù, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa lára àwo àtijọ́, ṣì wà lára gíláàsì ilé gogoro wọn níbẹ̀, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ṣe ni mo dúró lójú títì tí mo rántí yàrá bàbá àgbà mi. Wọ́n tún ń kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá níbẹ̀ títí di ọdún 1967. Ní ọdún 1950, èèyàn tó ń gbé ìlú náà lé ní 124,000. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti kógbá wọlé tán, tí àwọn tó lówó lọ́wọ́ sì ti kó lọ sí àwọn ìlú àyíká, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 77,000 ní ọdún 2010. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ìlú ti bàjẹ́ láàárín wọn tipẹ́. Ní ọdún 1971, àwọn ọlọ́pàá lu ọkùnrin ọmọ Puerto Rico kan tó ń wa mọ́tò, ìlú gbiná, ọkùnrin náà sì kú. Àwọn àgbàlagbà tí mo ń tọ́jú ṣì ń fi iná yẹn ka ọjọ́ orí ọmọ wọn: wọ́n bí eléyìí kí iná tó jó, wọ́n bí tọ̀hún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún tí mo dé ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í burú jù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011, ìjọba ìlú náà, tí kò lówó nínú àpò mọ́, dá ọlọ́pàá 168 dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo wọn. Àwọn tó kù kò lè dá gbogbo ìpè lóhùn. Ní ọdún 2012, èèyàn 67 ni wọ́n pa nínú ìlú tí ẹsẹ̀ lè rìn já láàárín wákàtí díẹ̀, iye yẹn sì ga ju ti ọdún èyíkéyìí lọ nínú ìtàn ìlú náà. Ìró ìbọn di ohun tí a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó ní kí n má ṣe jókòó sí pálọ̀ tó kọjú sí títì lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án.

Àìtó ọlọ́pàá nìkan kọ́ ló sì ń dun àwọn ará ìlú. Kí ó tó di ọdún 2011 ni àṣírí àwọn ọlọ́pàá márùn-ún kan ti tú, tí wọ́n ń fi oògùn olóró sínú ẹrù àwọn tí wọ́n mú, tí wọ́n sì ń parọ́ níwájú adájọ́. Ẹjọ́ tó lé ní 200 ni wọ́n ní láti wọ́gi lé, àwọn kan sì ti fi ẹ̀wọ̀n jura lórí ohun tí wọn kò ṣe. Ní ọdún 2013, ìlú tí kò lówó oṣù gbà láti san mílíọ̀nù 3.5 dọ́là fún 88 lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí èmi àlejò bá ń sọ pé kí wọ́n tètè pe ọlọ́pàá, àwọn onílé máa ń wò mí láìsọ̀rọ̀. Mo mọ ìwò yẹn. Bí èmi náà ṣe wo káńtà ní alẹ́ ọdún 2009 nìyẹn.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ní ọdún 2013 kì í ṣe ohun tí ìlú máa ń ṣe. Wọ́n tú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà ká pátápátá, tó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, lábẹ́ ìjọba Camden County, èyí tó kó ìlú náà àti àwọn ìlú kéékèèké àyíká rẹ̀ pọ̀. Àwọn ìlú yòókù kò dara pọ̀, Camden nìkan ni ẹgbẹ́ tuntun yìí ń ṣọ́. Gbogbo ọlọ́pàá àtijọ́ tó bá fẹ́ padà ní láti kọ ìwé ìwáṣẹ́ bí ẹni tí kò ṣe é rí. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ti bá ìjọba ṣe parẹ́, owó iṣẹ́ àti àjẹmọ́nú dínkù, owó tó sì ṣẹ́ kù ni wọ́n fi gba èèyàn kún wọn títí wọ́n fi tó nǹkan bí 400. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn láti ọdún 2008, Scott Thomson, náà ló tún ń ṣe olórí ẹgbẹ́ tuntun.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayọ̀ ni gbogbo ìlú fi gbà á. Àwọn ará ìlú kan kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ìjọba gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ìlú kò sì dìbò títí wọ́n fi tú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ká. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó bínú. Ó sọ nídìí oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan pé ẹni tó bá tú ilé rẹ ká láìbi ọ léèrè, bó bá kọ́ ààfin dípò rẹ̀, kò ka ìwọ sí onílé. Títí di òní, mo gbà pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, mo wà nílé ìyá àgbà kan ní Whitman Park, àdúgbò kan ní Camden, ọmọ Puerto Rico ni, tí mo ń pè ní Màmá, tí òun náà ń pè mí ní ọmọ òun ní èdè rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta àti ṣéènì kan ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ọdún méjì tí mo ti ń lọ síbẹ̀, n kò rí i kí ó ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún ẹni tí kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti kàn án, a ó pa tẹlifíṣọ̀n, a ó dákẹ́ títí ẹni náà yóò fi lọ. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọlọ́pàá méjì ló kàn án. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ wọn lẹ́yìn. Màmá fi ṣéènì sílẹ̀ bó ṣe wà, ó yọjú láti inú àlàfo tí kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Èyí tó kéré nínú wọn dárúkọ ara rẹ̀, ó ní àwọn kò wá ẹnikẹ́ni wá, àdúgbò náà ni wọ́n pín fún àwọn, ó sì béèrè ohun tó ń yọ Màmá lẹ́nu ládùúgbò. Màmá ní kò sí nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn káàdì kan, ó ti káàdì náà gba inú àlàfo wọlé, Màmá sì fi ìka méjì gbà á bí ẹni tó mú ohun tó gbóná.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó tún wá. Màmá tún ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà kẹta ni Màmá tó sọ fún un pé iná òpó tó wà níwájú ilé òun kò tàn láti ọdún tó kọjá, àti pé nítorí òkùnkùn yẹn ni àwọn ọmọ tó ń ta oògùn olóró ṣe ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tó ṣófo ní òdìkejì títì. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, iná náà ti tàn. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa wọlé, Màmá kì í fi ṣéènì kọ́ ilẹ̀kùn mọ́ bí ó bá gbọ́ ohùn ọmọkùnrin yẹn, ife omi tútù sì ti máa ń wà lórí tábìlì dè é. Káàdì tó fi ìka méjì gbà wà lára fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọmọkùnrin yẹn ṣàdédé jẹ́ èèyàn rere. Ọ̀gá rẹ̀ ló pàṣẹ fún un pé kí ó máa rìn. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán sí ojú títì láti fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n mọ orúkọ àwọn onílé, kí àwọn onílé sì mọ orúkọ tiwọn. Nígbà tí mo rò ó, ó yé mi pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọkùnrin yìí àti ẹni tó gba 15,000 náírà lọ́wọ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìwà. Ọ̀kan ń padà wá sí ẹnu ọ̀nà kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú yóò sì tì í bí iná kò bá tàn. Èkejì kò ní rí mi mọ́, bí wọ́n bá sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn lọ́la, kò sí ẹnikẹ́ni nílùú wa tí yóò mọ̀ pé ó lọ.

Ohun kejì tí mo rí kì í ṣe ojú ara mi, fídíò ni, gbogbo Camden sì ló wò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ọkùnrin kan mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń fì í kiri ní òpópónà Broadway. Níbòmíràn, bóyá ní Camden ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn pàápàá, ìbọn ni wọn ì bá fi dá a lóhùn. Àwọn ọlọ́pàá náà pagbo yí i ká láìsún mọ́ ọn, wọ́n sì ń bá a rìn. Bó bá yára, wọ́n á yára. Bó bá dúró, wọ́n á dúró. Wọ́n ń lé àwọn tó ń kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láti títì kan dé òmíràn títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n sọ ìwà yẹn di òfin nínú ìwé olójú ewé 18 tí wọ́n kọ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì New York: kí ọlọ́pàá má lo agbára àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí ọlọ́pàá tó bá rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ dá a lẹ́kun. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará ìlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kankan, kò lòdì sí i.

Òmíràn tún wà tó máa ń mú mi rántí ilé. Bí ìbọn bá ba èèyàn ní Camden, àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ kì í dúró de áńbúláǹsì bí kò bá sí nítòsí. Wọ́n á gbé ẹni náà sẹ́yìn mọ́tò tiwọn, wọ́n á sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Cooper. Nílé, ọ̀pọ̀ èèyàn ti kú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Láti ọdún 2017 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí wọ́n máa tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìbéèrè ìwé kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá ṣì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì wa, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Bí mo ṣe ń yìn wọ́n yìí, mo ní láti sọ ibi tí ó kù sí. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹgbẹ́ tuntun náà ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará ìlú lórí ohun kéékèèké: gíláàsì mọ́tò tó dúdú jù, kẹ̀kẹ́ tí kò ní agogo. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní New Jersey pariwo síta ní ọdún 2015 pé àwọn aláìní ni owó ìtanràn yìí ń ká mọ́, ẹ̀sùn pé ọlọ́pàá ń lo agbára jù sì pọ̀ nígbà yẹn kí ó tó wálẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá náà kò gbé Camden. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n á gba orí afárá tàbí títì márosẹ̀ lọ sílé wọn níbi tí wọn kì í ti gbọ́ ìró ìbọn. Kámẹ́rà kún òpópónà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ìbọn wà lókè òrùlé, àwọn kan sì ń béèrè pé ṣé ìlú ni wọ́n ń ṣọ́ ni àbí wọ́n ń ṣọ́ àwọn ará ìlú. Ìbéèrè àbúrò mi náà nìyẹn, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni. Síbẹ̀, èèyàn 67 tí wọ́n pa ní ọdún 2012 di 25 ní ọdún 2019, ó sì di 17 ní ọdún 2024. N kò ní sọ pé ọlọ́pàá nìkan ló fà á. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé tó ṣófo, iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ padà wọlé. Ṣùgbọ́n mo mọ òpó iná kan tó tàn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí gbogbo Amẹ́ríkà ń gbiná nítorí ikú George Floyd, ọ̀gá ọlọ́pàá Camden nígbà náà, Joseph Wysocki, rìn ní iwájú pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó ń fẹ̀hónú hàn, ó di etí aṣọ àkọlé wọn mú. Orúkọ Camden kàn káàkiri ayé. Láti Ìbàdàn, láti Londonu, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí pé wọ́n ní ìlú yín ti fagi lé ọlọ́pàá. Mo ń ṣàlàyé títí ohùn mi fi há pé rárá, wọ́n tú wọn ká kí wọ́n lè gba púpọ̀ sí i, ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa. Àwọn ọmọ wa tú jáde sójú títì nítorí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti àwọn adigunjalè, ìjọba sì kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 pé wọ́n ti tú SARS ká. Àbúrò mi pè mí, ó ń sunkún ayọ̀. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kéde pé SWAT ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ó tún pè mí, kò sunkún mọ́, ó kàn ní, "Àǹtí mi, orúkọ ni wọ́n yí." Inú mi bàjẹ́ gan-an ní ọjọ́ yẹn, nítorí pé mo ti rí i ní ibòmíràn pé ìlú lè tú ọlọ́pàá ká kí ó sì ní ìtumọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà. Camden lè ṣe ohun tó ṣe nítorí pé ìlú àti ìjọba àyíká rẹ̀ ló ni ọlọ́pàá wọn. Tiwa, abala 214 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní, Àbújá ló sì ń pàṣẹ fún wọn; DPO ìlú wa lè ti Maiduguri dé lánàá, kí ó sì lọ sí Calabar lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí inú ọ̀pọ̀ èèyàn fi dùn nígbà tí àwọn gómìnà wa ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lónìí. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi, ẹni tó ni gíràmófóònù yẹn, gbé ayé ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Ó máa ń sọ pé wọ́n mọ agbo ilé gbogbo èèyàn, pé akódà lè fi ohùn nìkan dá ìjà dúró lọ́jà. Ó sì máa ń fi kún un pé nígbà tí ìṣèlú dé, àwọn kan náà, tí wọ́n mọ agbo ilé gbogbo èèyàn, ni àwọn olóṣèlú ń rán láti lọ mú àwọn alátakò lóru, nítorí pé wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Èyí ló jẹ́ kí n máa bẹ àwọn tó ń jà fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n má dúró lórí ẹni tí yóò máa san owó wọn. Kí wọ́n béèrè ohun tí wọn yóò fi máa ṣírò iṣẹ́ ọlọ́pàá náà, ẹni tó lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, àti bóyá ìyá àgbà kan yóò lè ní kí ó wá tún iná òpó ṣe.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo kọjá níwájú àgọ́ ọlọ́pàá yẹn. Wọ́n ti tún àkọlé náà kùn, ọ̀fẹ́ ṣì ni béèlì. Àbúrò mi ti ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun báyìí, kò jìnnà síbẹ̀, ó ti gbéyàwó, ó ti ń hu ewú díẹ̀ nírùngbọ̀n. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo bi í pé nínú gbogbo àwọn tó wà ní àgọ́ yẹn, mélòó ló mọ orúkọ wọn. Ó dá ẹ̀rọ ìgẹrun dúró, ó ronú, ó na ìka kan. Ó ní ọ̀kan péré, kọ́sítébù kan tó máa ń wá gẹrun ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo ní ṣé ó máa ń sanwó. Ó ní, "Ó máa ń san án, Àǹtí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè orúkọ ọmọ mi."